Tábìlì Tó Ń Ṣọ́ Òkèlè

Bí Ìbídùn ṣe bu iyán, tábìlì tí ilé ìwòsàn gbé wá pé kó máa tọ́jú rẹ̀, torí ẹ̀rù oúnjẹ ń bà á, sọ̀rọ̀: "O káre. Ṣùgbọ́n òkèlè yìí tóbi ju ti àná lọ o."

Ìbídùn dá òkèlè padà.

Inú bí ìyá rẹ̀ gidi. Ọmọ tó ti rù kan eegun! Ó ti àwo tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki ọwọ́ bọ inú ti ọmọ.

Tábìlì ní, "Ẹ yọwọ́, Mà. Mi ò ní mọ ohun tí aláìsàn jẹ."

"Bàbá ẹ ni aláìsàn! Inú àwo kan lèmi àti ìyá mi ti máa ń jẹun."

Tábìlì ṣírò títí, kò mọ òkèlè ta ni èwo mọ́.

Ìbídùn gbé òkèlè mì. "Màámi, ẹ fi ẹran sílẹ̀ fún mi o."