Orúkọ Tí Ilé Fẹ́ Gbọ́

Títún àwòrán tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé yà niṣẹ́ mi. Àwòrán yẹn ló ń sọ fún iná, omi àti ilẹ̀kùn ẹni tó ń gbé ibẹ̀ àti ohun tó fẹ́. Ẹni tí mo bá pa rẹ́ nínú rẹ̀, ilé ò mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn.

Ilé Ìyá Mojíbádé ni ìkẹta lọ́jọ́ náà. Ọkọ wọn kú lóṣù tó kọjá, síbẹ̀ ilé ṣì ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ dárúkọ wọn sókè, Mà, kí ilé lè gbà pé ẹ̀yin lẹ ní ká yọ wọ́n."

"Bàbá Mojíbádé."

Ilé ní òun ò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Orúkọ wọn gan-an, Mà."

"Mi ò pè wọ́n lórúkọ rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. Ọdún mọ́kànlélógójì." Ohùn wọn ò yí padà, àfi bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà mítà.

Mo wo aago. Ilé kẹrin ń dúró dè mí.

Màmá wo ilẹ̀. "Adégbuyì," ni wọ́n wí.

Omi tó ń hó ní balùwẹ̀ dákẹ́. Iná yàrá ọkùnrin náà kú.

"Ó ti parí, Mà."

"Ṣé mo lè pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i?"

"Ẹ máa pè wọ́n bó ṣe wù yín, Mà. Kò sí ohun tó máa dáhùn mọ́."

Màmá pè é, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń wọ bàtà tuntun wò. Gbogbo ilé dákẹ́.