Òkìtì Àlùbọ́sà Ẹ̀yìn Oko

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi iṣẹ́ oko bọ́ ilé.

1. Àgbẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Mo-Ti-Mọ̀, torí kò sí ìmọ̀ràn tí kì í fi "mo ti mọ̀" dá lóhùn. Ilẹ̀ olóoru ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin àlùbọ́sà. Nígbà tó kó lọ sórí òkè olótùútù, níbi tí ìrì kì í tètè gbẹ, kò yí ọwọ́ padà. Ó ń gé ọrùn àlùbọ́sà ní tútù, ó ń kó o jọ sínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Èyí tó bá jẹrà, ẹ̀yìn oko ló ń dà á sí.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ọrùn rẹ̀ ò tíì gbẹ o."

"Mo ti mọ̀."

"Òkìtì ẹ̀yìn oko yẹn ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ń gbé nǹkan bí eérú kúrò lórí rẹ̀."

"Mo ní mo ti mọ̀."

2. Kò pẹ́ tí gbogbo àlùbọ́sà inú yàrá fi rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tí èbu bí eérú bo ọrùn wọn. Mo-Ti-Mọ̀ fìbínú lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tí oko tiwọn jọ pààlà.

"Oko yín ni àrùn yìí ti wá."

Àna rẹ̀ ò bá a jà. Ó ní, "Wo oko mi dáadáa. Ibi tó sún mọ́ òkìtì rẹ ló ń kú. Èyí tó jìnnà sí i ń tutù yọ̀yọ̀. Ta ló wá kó ran ẹnì kejì?"

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

3. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gbẹ́ kòtò jíjìn, wọ́n ri òkìtì náà mọ́lẹ̀. Wọ́n ra irúgbìn tó mọ́, torí àrùn a máa fara pamọ́ sínú irúgbìn. Wọ́n fi ilẹ̀ àtijọ́ gbin àgbàdo. Nígbà tí àlùbọ́sà tuntun gbó, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àtẹ onígi lábẹ́ òrùlé, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i títí ọrùn rẹ̀ fi gbẹ táútáú.

Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán! Ìyàwó rẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Baálé mi, kò sí ẹyọ kan tó bu." Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ru apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ fún àna rẹ̀, ẹni tí oko tiẹ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn lójú títì.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kíyè sára. Níbi tó gbóná, èbu dúdú bí èédú ni ọ̀rinrin ń fà; níbi tó tutù, eléérú ni. Ọgbọ́n ilẹ̀ kan kì í tó ilẹ̀ mìíràn lò. Ẹ jẹ́ kí irè yín gbẹ, ẹ má fi èyí tó jẹrà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, kí ẹ sì yẹ ẹ̀yìnkùlé yín wò kí ẹ tó nàka sí aládùúgbò. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.