Ìkìlọ̀ Orí Rédíò Tí Eldred Pè Ní Irọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán ná kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ní St. John's, ní etí òkun Kánádà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Eldred Pottle. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn àlejò lọ wo ẹja ńlá àbùùbùtán àti àwọn òkè yìnyín ńláńlá tí òkun ń gbé wá láti àríwá. Dulcie ìyàwó rẹ̀ ló máa ń dúró níwájú ọkọ̀, tí yóò máa ṣàlàyé fún wọn, tí yóò sì máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Selby Tizzard, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Eldred, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí nǹkan lójú omi yóò pe èkejì lórí rédíò. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe é láìjà.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, Selby pè é pé àbùùbùtán mẹ́ta wà nítòsí etí òkun tí wọ́n ń pè ní Cape Spear. Kí Eldred tó débẹ̀, omi ti pa rọ́rọ́. Ọkọ̀ Selby ló pàdé tó ń padà bọ̀, tí àwọn èrò inú rẹ̀ ń hó yèè.

"Ó ti jẹ́ kí àwọn èrò rẹ̀ wò wọ́n tẹ́rùn kó tó pè mí," Eldred sọ.

Dulcie rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó so okùn mọ́ ẹja lọ́rùn ni? Ẹja ló lọ o, ọkọ mi."

Ẹ̀rín yẹn kò ran Eldred. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí Selby ṣe tí kò ní ìtumọ̀ méjì lójú rẹ̀. Selby kí i, ó ní ọ̀yàyà yẹn ti pọ̀ jù. Selby kò kí i, ó ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá a níbi tó ti ń bá Philomena, obìnrin tó ń já ìwé ìwọkọ̀ fún àwọn àlejò ní èbúté, sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí Eldred ṣe yọ sí wọn, àwọn méjèèjì panu mọ́.

"Kí lẹ ń sọ?"

"Ojú ọjọ́ ni," Selby dáhùn.

"Ṣé ojú ọjọ́ ló gba kí ẹ máa sọ ọ́ sétí ara yín?"

"Eldred, lọ mu tíì. Ó jọ pé ebi ń pa ọ́."

Ó mu tíì, kò mọ adùn rẹ̀. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Philomena ń kó àwọn àlejò òun fún Selby. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ rí àbùùbùtán lọ́sẹ̀ náà, ó pa rédíò, kò pe ẹnì kankan. Ohun tó ń fi kan Selby gan-an ni òun ń ṣe.

Oṣù Kẹfà ni òkè yìnyín kan wá dúró lẹ́yìn ẹnu èbúté. Ó ga ju ilé ìjọsìn lọ, ihò ńlá kan wà láàárín rẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, inú ihò náà sì ní àwọ̀ búlúù rẹ́súrẹ́sú. Gbogbo àlejò ló fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Eldred kó èrò mọ́kànlá, òun àti Dulcie sì gbéra.

Rédíò sọ̀rọ̀. "Eldred, Selby nìyí. Má sún mọ́ yìnyín yẹn o! Ó ń dún nínú. Ó fẹ́ dojú dé. Mo ti ń kó àwọn èrò mi padà."

Eldred wo ọ̀kánkán, ó rí ọkọ̀ Selby tó ń wọ ẹnu èbúté lọ. "Ẹ gbọ́ ọkùnrin yìí. Àwọn èrò tirẹ̀ ti ya fọ́tò tán, ó wá fẹ́ kí tèmi padà lọ́wọ́ òfo."

Dulcie kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ọkọ mi."

"Eré ló ń ṣe."

"Mo bẹ̀ ọ́. Ká dúró níbí ká máa wò ó."

"Ìwọ náà ti wà lẹ́yìn rẹ̀?"

 Dulcie lọ síwájú ọkọ̀, ó ń bá ìyá arúgbó kan so okùn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì le. Eldred pa rédíò.

Ó yí yìnyín náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí òtútù rẹ̀ fi ń fẹ́ sí wọn lójú. Àwọn àlejò ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ohun kan dún gbàù bí ìbọn. Orí òkè náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àgbàlagbà tó fẹ́ dùbúlẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí sì ń jáde bọ̀ látinú omi. Eldred yí ọwọ́ ọkọ̀, ó ti pẹ́ jù. Ìgbì gbé ọkọ̀ sókè, ó sì dojú rẹ̀ dé.

Ta ló yọ sí wọn? Selby ni. Nítorí pé Eldred kò dá a lóhùn, ó ti já àwọn èrò tirẹ̀ sí èbúté, ó sì sáré padà. Yìnyín náà ṣì ń mì nígbà tó wọ abẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn pátá ló fà jáde láàyè. Ṣùgbọ́n irin ọkọ̀ ti fún ẹsẹ̀ Dulcie mọ́ yìnyín. Àwọn dókítà gé e nísàlẹ̀ orúnkún.

Ọkọ̀ rì. Ìjọba gba ìwé àṣẹ awakọ̀ lọ́wọ́ Eldred. Ní ilé ìwòsàn, Philomena fa Eldred sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ọjọ́ tí o bá wa níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ yẹn, Selby ń sọ pé kí n máa darí àwọn èrò rẹ̀ tó bá pọ̀ jù sí ọkọ̀ rẹ ni. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí o mọ̀, kó má baà dùn ọ́ pé òun ń ràn ọ́ lọ́wọ́."

 Nígbà tí Eldred wọlé tọ Dulcie, obìnrin náà kọjú sí fèrèsé. "Kì í ṣe yìnyín ni mò ń bínú sí, ọkọ mi," ló wí. 

Lẹ́yìn oṣù méjì, Eldred lọ sílé Selby, ó tọrọ àforíjì. Selby fún un ní àga, ó bu tíì fún un, ó ní òun ti dárí jì í.

"Ṣé wàá gbà mí sínú ọkọ̀ rẹ, ká jọ máa ṣiṣẹ́?"

Selby kọjú sí i. "Eldred, bí mo bá pariwo lójú omi pé 'Yà!', ṣé wàá yà, àbí wàá kọ́kọ́ ro ohun tí mò ń wá?"

Eldred dìde, ó fi tíì náà sílẹ̀, ó sì rìn lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ta ni ẹ ń fura sí láìní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́? Ẹ ṣọ́ra o! Bí ẹnì kan bá ké sí yín pé ewu wà níwájú, ẹ kọ́kọ́ yà kúrò ná. Ẹ óò ráyè wádìí inú rẹ̀ tí ẹ bá ti gúnlẹ̀. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ ti yàn lódì nítorí ohun tí ẹ kàn rò pé ó ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ pè é.