Ẹja Tí Mo Rún Fún Ológbò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ wá gbọ́ ohun ìríra. Ológbò mi ti darúgbó: ipin bojú, etí ń ṣọyún, kíndìnrín ń dà á láàmú, kò sì léyín mọ́. Èmi ni mo máa ń rún ẹja fún un.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, ó gun itan mi. Mo tu ẹja sí àtẹ́lẹwọ́, mo ń kọrin:

"Àgbà ológbò, rọra lá,
Eyín ti lọ, ahọ́n ló kù."

Ahọ́n náà tutù, ó ń yọ̀ bí ilá, ó ń rùn.

Ni Ṣẹ̀gílọlá aládùúgbò mi bá kanlẹ̀kùn. "Màmá, ẹ wá gba ológbò yín! Ó wà lápá mi níbí, ó ti tọ̀ sí mi láṣọ!"

Itọ́ ń kán láàárín ìka mi. Ohun orí itan mi gùnfẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Màmá, mo yó," ni ohun náà wí, ó sì bọ́ sílẹ̀ lọ sí ilé tirẹ̀.