Ìwé Mọ́kàndínlógójì Tí Kíákíá Kò Ṣí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ má kà á dé àárín kí ẹ wá ní ó ti yé yín. Àìkà-dé-ìsàlẹ̀ gan-an ló kó bá ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

1.
Ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà. Kíákíá ni wọ́n ń pè é, torí iṣẹ́ tí ẹlòmíì máa fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, òun á ti parí rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Iṣẹ́ wo nìyẹn? Ẹ gbọ́. Tí èèyàn bá dá ohun tuntun sílẹ̀, ó lè gba ìwé àṣẹ pé òun ló ni ín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe irú rẹ̀ láìgbàyè lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti ṣe é rí. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kó àwọn ìwé àṣẹ àtijọ́ sí, ìwé kan á máa tọ́ka sí òmíràn. Iṣẹ́ Kíákíá ni láti ṣí àwọn tí wọ́n tọ́ka sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kà wọ́n, kó sì wo àwòrán inú wọn dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọlé. Aránṣọ ni. Abẹ́rẹ́ máṣìnì ti gún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ níka títí ó fi sú u, ló bá fi irin pẹlẹbẹ àti sípíríǹgì ṣe ìbòrí kan tó ń dá ìka dúró kó tó dé abẹ́ abẹ́rẹ́. Ọdún mẹ́fà ló fi tún un ṣe, tún un ṣe. Iléeṣẹ́ kan ti ní àwọn máa bá a ṣe é lọ́pọ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló fi aṣọ rírán rán Kíákíá níléèwé o!

"Ọmọ ìyá mi, ojú rẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé," ló wí. "Tí ẹnì kan bá ti ṣe é rí, sọ fún mi kí n tó kó gbogbo ohun tí mo ní lé e."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni?"

2.
Ìwé mẹ́tàlélógójì ló jáde lórí kọ̀ǹpútà. Kíákíá ṣí mẹ́rin. Nígbà tó di ìkarùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọlé nìkan. "Èyí kọ́. Èyí kọ́. Èyí náà kọ́."

Ìyá Ìbejì, tí tábìlì rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, na ọrùn wò ó. "Dúró ná. Kọkànlélọ́gbọ̀n yẹn ńkọ́?"

"Ìbòrí ẹ̀rọ ìránbàtà ni. Bàtà! Aṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń rán."

"Ṣé ìka ni wọ́n fi ń rán bàtà ni? Abẹ́rẹ́ náà kọ́? Jọ̀ọ́, ṣí àwòrán rẹ̀."

"Ìyá Ìbejì, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí."

Ìyá Ìbejì padà sídìí iṣẹ́ tirẹ̀. Kíákíá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ka mẹ́tàlélógójì, kò sì sí èyí tó jọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù. "Ṣé o kà á tán lóòótọ́?"

"Gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ṣé ẹ rí irọ́ kékeré yẹn? Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

3.
Oṣù méje kọjá. Ẹ̀gbọ́n ti ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti gba obìnrin mẹ́rìnlá síṣẹ́, ìbòrí abẹ́rẹ́ ti ń jáde ní páálí-páálí. Ni lẹ́tà bá dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ẹ̀rọ ìránbàtà: kó dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀, tiwọn ló ń ṣe.

Lọ́yà pe gbogbo wọn jọ. Ó ṣí ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n. Yéè! Irin pẹlẹbẹ rèé. Sípíríǹgì rèé. Ibi tí ìka ti ń dúró rèé.

Kíákíá fò dìde. "Sà, mo kà á o. Bóyá àwòrán yẹn ò tíì sí níbẹ̀ nígbà náà."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó," Lọ́yà fèsì. Ibi tí wọ́n ti ń wá ìwé yẹn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń fi àmì sára ìwé tí èèyàn bá ti ṣí. Lọ́yà yí i lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kà á síta. Mẹ́rin ló ní àmì. Mọ́kàndínlógójì ò ní.

Ẹ̀gbọ́n ò wo ojú àbúrò rẹ̀. Lọ́yà ló kọjú sí, ó bi í pé, "Ká ní a rí i nígbà yẹn ńkọ́, sà?"

"À bá yí ibi tí sípíríǹgì wà padà, màmá. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Ní báyìí, gbogbo èyí tí ẹ ti ṣe ni wọ́n máa fọ́. Iléeṣẹ́ tó ń bá yín ṣe é náà ti ní àwọn ò ṣe mọ́."

Kíákíá wólẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí, ẹ̀ẹ̀…"

"Ká ní àjèjì ni mo gbé e fún," obìnrin náà wí jẹ́jẹ́, "ìbá ti kà á."

4.
Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n lé Kíákíá níṣẹ́. Àwọn obìnrin mẹ́rìnlá padà sílé. Ẹ̀gbọ́n ń bá ẹlòmíì ránṣọ báyìí, ní ṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kíákíá máa ń lọ kí i. Ẹ̀gbọ́n kò lé e rí. Á dìde, á nu àga fún un, á wá sọ fún ọmọ ìyá rẹ̀ tó pọ̀n dàgbà pé, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Kí la lè bá yín ṣe?" Bí ẹni ń kí oníbàárà.

Ìkìlọ̀ mi rèé o. Má fọwọ́ sí ohun tí o kò kà. Tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, sọ pé ó pọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní pa ọ́. Tí ẹni tó mọ̀ bá ní kí o ṣí i wò, ṣí i, kò ní gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni yín tó máa ń yára sọ pé "mo ti kà á". Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.