Ìrù Mámíwọ́tà

Ara Ìníolúwa kò balẹ̀ lórí àpáta etí odò.

"Mámíwọ́tà, gbé ìrù ẹ sókè," ni Testimony tó ń yà á ní fọ́tò wí.

Ìrù náà pupa fòò. Ìpẹ́ rẹ̀ lọ súà. Sísọ́ọ̀sì ni Ìníolúwa fi gé wọn lára aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Níbo lo ti rí aṣọ tó dáa báyìí?"

"Ilé wa ni." Ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà.

Fóònù tún ń dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ó múra sílẹ̀ fún èébú, ó gbé e.

"Ìní, okun o, mọ́kàn le. Ìyá àgbà ti dákẹ́. A ṣí àpótí wọn, a ò rí aṣọ pupa tí wọ́n ní ká fi sin àwọn."

Omi bọ́ lójú Ìníolúwa.

"Dúró bẹ́ẹ̀," ni Testimony wí. "Ẹkún yẹn bá ìrù ẹ mu."