Àyẹ̀wò Ọjọ́ Ẹtì

Láti kékeré ni bàbá ti ń pe ọmọbìnrin rẹ̀ ní Adájọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó fọ́ ife kan, tó dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́, tó sì lọ kúnlẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ó ti di olùkọ́ báyìí, ó ti lé ní ogójì ọdún, kò sì tíì mọ irọ́ pa. Nínú ẹbí wọn, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí kì í gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ló dé sí ilé àwọn òbí rẹ̀, yàrá méjì ní àjà kejì. Ó fẹ́ sin bàbá lọ ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún ní ilé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá ṣe káfíńtà fún ìjọba fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá a jà. Káàdì ìlera àwọn àgbàlagbà ló fi ń gba oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ pé ó ń rà á ni, gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò lè ra ti oṣù kan.

"Orí ń fọ́ mi díẹ̀," ni bàbá wí bó ṣe ń kí i káàbọ̀. "Kò burú. Orí tó ti ru pákó tó báyìí, ó yẹ kó fọ́."

Adájọ́ béèrè ọkùnrin àjà kẹta, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Oníròyìn.

"Wọ́n ti kú," ni ìyá dáhùn. "Rọpárọsẹ̀ ni."

"Háà! Ṣebí nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ fún wọn lọ́dún tó kọjá pé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti wálẹ̀?"

"Ó pàtẹ́wọ́," ni ìyá wí, ó sì kó abọ́ lọ sí ilé ìdáná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Adájọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyá kò rí i. Ìyá yọ hóró oògùn bàbá méjì kúrò nínú páálí, ó sì jù wọ́n sínú agolo mílíìkì kan lẹ́yìn ìkòkò. Agolo náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Lẹ́yìn náà ló bu iyọ̀ ṣíbí kan gbáko sínú ẹyin tó ń dín fún bàbá. Kò bu iyọ̀ kankan sí tirẹ̀.

"Màmá, ṣé bàbá ti lo oògùn wọn?"

"Wọ́n ti lò ó."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó tún gbọ́ ohùn ìyá nínú yàrá, níbi tí bàbá dùbúlẹ̀ sí. "Ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré," ni ìyá ń sọ. "Tó bá ti kọjá, a ó sinmi."

Ó rò ó títí. Ìyá ti ń tọ́jú ọkọ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ń fọṣọ rẹ̀, ó ń gbé e dìde, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ojú ti Adájọ́ pé ó lè ro irú èyí sí ìyá tó bí i, àmọ́ kò rí èrò náà lé lọ. Nígbà tí ìyá jáde lọ ra ọṣẹ, ó jókòó ti bàbá.

"Bàbá, ṣé ohun tí màmá ń ṣe tẹ́ yín lọ́rùn?"

Bàbá wo ojú fèrèsé. "Má bá ìyá ẹ fa ohunkóhun. Jẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì kọjá ná."

Ẹ̀rù ló rí lójú bàbá, ó sì rò pé ẹ̀rù ìyá ni.

Ta ni yóò wá fẹjọ́ ìyá rẹ̀ sùn? Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Adájọ́ máa fi nǹkan pa mọ́. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń jí ṣáájú ìyá, ó ń mú hóró méjì nínú agolo, ó ń fi ẹ̀yìn ṣíbí lọ̀ wọ́n, ó sì ń pò wọ́n mọ́ tíì bàbá pẹ̀lú ṣúgà púpọ̀. Oúnjẹ pẹ̀lú, ó gbà á lọ́wọ́ ìyá.

"Èmi ni mo mọ bí bàbá ẹ ṣe ń jẹun," ni ìyá ń wí.

"Ẹ sinmi, Màmá. Ṣebí mo wà nílé."

Lọ́jọ́bọ̀, orí bàbá ti fúyẹ́. Ó ń kọrin nínú balùwẹ̀. "Tíì ọmọ mi yìí korò," ni ó wí, "àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ ju dókítà lọ."

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé ọrùn bàbá, ó wò ó lójú dáadáa, ó sì mú un sọ̀ kalẹ̀, ó mú un gòkè lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè nà. Adájọ́ wo gbogbo rẹ̀, ó fún eyín pọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì wé aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ bàbá lápá. Ìyá ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Adájọ́ kò ṣe àmín.

"Ọgọ́fà lórí ọgọ́rin!" Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin lẹ ní o!"

Inú Adájọ́ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yíjú sí ìyá láti wo bí yóò ṣe ṣe é. Ìyá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Nọ́ọ̀sì mú bírò pupa, ó fa igi lé orúkọ bàbá nínú ìwé, ó ṣàlàyé tẹ̀ríntẹ̀rín pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti wálẹ̀ báyìí lọ́jọ́ àyẹ̀wò kò sí lára àwọn tí ìjọba ń fún lóògùn mọ́, bàbá sì na ọwọ́ sí ìyá, ó ní, "Má sunkún mọ́, ìyá ọmọ mi, gbogbo ohun tá a jọ sọ lo ṣe."